Obìnrin Inú Fóònù Ọkọ Mi

Ẹ bá mi dá sí i o.

Ọkọ mi ki íápíìsì bọ etí, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

"Ta lò ń wò?"

"Obìnrin kan tó ń kọrin ni. Gbogbo ayé ló ń wò ó. Kò mà láfiwé!"

Òjòwú ni mí, mi ò purọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ẹnu géètì iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ti ń yanṣẹ́ lódì. Ẹsẹ̀ mi wú. Ohùn mi ha. Olórin lòun ń wò!

Mo já fóònù náà gbà.

Obìnrin náà dúró lórí àpótí, ó ń dá orin, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbè é.

Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ká mi sílẹ̀.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń jowú obìnrin yẹn.

Nínú ilé yìí, ọkọ mi ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí.