Ọkọ̀ Ìkọ́ni Tí Wọ́n Fi Kílọ́ọ̀ṣì Ìje Sí

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní gùn. Ẹni tó ní àwíjàre ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sì ní.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré jù, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gun ògiri, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Bó bá di ẹ̀kọ́ rìfáàsì, ìyàwó ni yóò lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, níwájú ògiri, tí yóò máa fọwọ́ júwe: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó!" Òpó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọkọ gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣọ́ra fún èèyàn ju òpó lọ. Ọgbọ́n ńlá ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí tí kì í fi í ṣe òun ló ń dúró.

Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á yọ pátákó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí ọkọ̀ yìí kan náà, á gbé e lọ sí pápá ìje.

2.
Ẹ̀yìn ló máa ń wà ní pápá. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ rẹ̀, ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ táyà, ti ń yọ̀: ẹ́ńjìnì á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ọkọ̀ kò sì ní sáré. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yín ló ń wà á ni?"

Ó gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. "Bá mi fi kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń sá ìje sí i."

"Ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń kọ́ni náà? Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ máa ń di ẹ́ńjìnì mú díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó tuntun tó ń kí àna. Èyí kò mọ díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti gbá a mú, ọkọ̀ ti fò."

"Ṣèbí èmi ni mò ń kọ́ wọn? Wọ́n á mọ̀ ọ́n."

Mẹkáníìkì fi sí i.

3.
Láti ọjọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọkọ̀ wà bẹ̀rẹ̀ sí fò káàkiri àgbàlá bí ọ̀pọ̀lọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á ní, "Ẹsẹ̀ yín ni kò balẹ̀." Àwọn náà á wo ẹsẹ̀ wọn, ojú á tì wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ fò, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Olówó orí mi, kí lẹ fi sínú ọkọ̀ yìí?"

Ọkọ sọ fún un.

"Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà kí n tó tún dúró lẹ́yìn ẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n sá ti ọ̀sẹ̀ yìí tán ná."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Èmi? Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

Ìyàwó gbójú sókè wo ọ̀run. Bóyá ó ń ka àwọn irọ́ náà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe ipò kẹta. Wọ́n yà á ní fọ́tò. Ẹni tí wọ́n bá ti yà ní fọ́tò, ẹ má retí pé yóò yọ kílọ́ọ̀ṣì.

4.
Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìje náà ni Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ rìfáàsì ni. Ìyàwó ké láti ìdí ògiri:

"Ṣé ẹ ti yọ ọ́?"

"Ìwọ náà! Má yọ ara rẹ lẹ́nu, dúró síbẹ̀."

Ó dúró. Bàbá Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọkọ̀ fò sẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní bíréèkì tirẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Ògiri ló kàn ti kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró, itan ìyàwó sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

5.
Dókítà to egungun náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Bàbá Káfíńtà wá sí ilé ìwòsàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìyá, ẹsẹ̀ mi yìí ló ṣe yín léṣe. Ẹ foríjì mí. Mi ò tún ní fọwọ́ kan ọkọ̀ láyé mi."

Ìyàwó yíjú. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó fún un láyè dáadáa láti sọ òótọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wú ikọ́, ó tún ṣọ́ọ̀lù ìyàwó rẹ̀ ṣe, ó wá ní:

"Bàbá, ẹ dìde. Kò sẹ́ni tí irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí."

Ìyàwó di ojú. Nígbà tó là á, kò wo ọkọ mọ́.

"Bàbá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín o. Kílọ́ọ̀ṣì ìje ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ mi mọ̀, ó sì ní kí n dúró."

Bàbá Káfíńtà dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde láìdágbére.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" ni ọkọ béèrè.

"Ilé ta?"

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ, pẹ̀lú ọ̀pá. Ilé ẹ̀kọ́ ti kógbá sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo sáré ní pápá kó sì tún ṣiṣẹ́ ní ìgboro, ẹ gbọ́ o: ohun tó bá pápá mu lè pa ará ilé. Bẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ wà á àti ẹni tó fẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ bá mi fi èyí ṣe àṣírí, kó má dé etí ìyàwó náà: kílọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀.