Èròjà Tuntun Inú Ẹja Odò

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọ ìgò ọ̀gá yín o.

Ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Manaus, ọ̀gá Valdomiro ń jó. "Wọ́n á tẹ ìwádìí wa jáde! Ẹ̀rọ wa rí èròjà tuntun nínú ẹja!"

Iracema, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní, "Ọ̀gá, mo fi omi lásán dán ẹ̀rọ náà wò, ó tún rí èròjà yẹn níbẹ̀."

Ìyá tó ń fọ ìgò yàrá náà gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpara àgbọn ọwọ́ mi ni..."

"Ẹ panu mọ́, ìyá!" ni ọ̀gá wí. "Kí lorúkọ yín ní kíkún? Ẹ ti di ara àwa tó kọ ìwádìí yìí."

Iracema yọ́ sún mọ́ ọn. "Màmá, ìpara wo lẹ wí?"

"Ìpara kẹ̀? Àwa olùwádìí ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́."