Ampilifáyà Tí Yóò Rọ́pò Èyí Tó Jó

Ọjọ́ kẹta tí ampilifáyà ọkọ rẹ̀ jó ni ìyàwó onígìtá wọ ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ olórin. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó jókòó sínú èéfín. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti kú, ilé wọn ò tòrò mọ́. Ó ti búra pé òun ò ní padà lọ́wọ́ òfo.

"Ẹ káàbọ̀, màdámù. Onígìtá wa ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀. Ẹ bá mi wá èyí tó máa wọ inú ráàkì tó ń to ẹ̀rọ sí, irú èyí tó jó gẹ́lẹ́."

Oníwáyà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ti di ẹrù àtijọ́." Ó gbé tuntun kan sílẹ̀, pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun. "Ẹgbẹ̀rún wátì! Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Tẹ́ ẹ bá tan án, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"A kì í ra ẹja nínú ibú. Ẹ tan án."

Ó tan án. Obìnrin náà fi etí lé e, ó dijú, ó mirí.

"Kò dáa."

"Kí ni ò dáa níbẹ̀? A ò tíì so gìtá mọ́ ọn!"

"Ẹ gbé òmíràn."

Wọ́n tan ìkejì, wọ́n tan ìkẹta. Kò béèrè wátì, kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Etí nìkan ló ń fi lé wọn. Oníbàárà kan tó ń yan okùn gìtá rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù. Dókítà ló ń gbọ́ àyà aláìsàn."

Fóònù obìnrin náà dún. Ariwo tó bú jáde níbẹ̀ mú kí Oníwáyà sún sẹ́yìn.

"Ṣé o ti rí i?" ọkọ rẹ̀ ń pariwo. "Apá mi ò ká a mọ́ o!"

"Mo ṣì ń wá a."

"Ṣé olórin yín ló ń lọgun lẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Oníwáyà béèrè.

"Òun ni. Ohùn rẹ̀ ò sì há láti àárọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Oníwáyà. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó wọ́ ẹ̀rọ eléruku kan jáde, ó wúwo bí ọlọ. "Ó yẹ kójú tì mí láti fi èyí hàn yín. Kò bà jẹ́ o, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ń kùn bí ilé oyin. Kò sí olórin tó fẹ́ ẹ."

Ó tan án. Obìnrin náà fi etí lé e. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yán gbàgà.

"Ẹ dì í fún mi."

"Màdámù! Olórin yín á bínú o."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, bọ̀dá."

Nígbà tó délé, ó tì í sínú ráàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́rin, ó tan án láì so gìtá kankan mọ́ ọn, bí fáànù náà sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bíi ti èyí tó jó, ọmọ tó ti ń ké láti ọjọ́ mẹ́ta mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn.