Orin Ìkórè Láolú

Ní ọdún 1989, Reuben kó àwọn òṣèré rẹ̀ wọ ilé ìkẹ́rùsí kan tó ṣófo ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó le koko, dé, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n sì dá Reuben àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí kò tíì ríṣẹ́ nínú wọn ló wá di òṣèré.

Eré náà dá lórí atẹdùùrù méjì ní Agége nígbà ayé òyìnbó, tí wọ́n ń kọ orin sílẹ̀ bí àwọn ọ̀gá olórin ilẹ̀ Jámánì, tí wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Ìjọ ńlá ni Olúgbénró ń tẹ dùùrù fún. Akọ̀wé réluwéè ni Láolú, ìjọ kékeré ló sì ń sìn. Ní 1952, Olúgbénró gbé orin ìkórè kan jáde tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìbàdàn. Láolú ní òun lòun kọ ọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní kó mú ìwé tó kọ ọ́ sí wá, kò rí i mú wá. Wọ́n bi í pé ọwọ́ ta ló wà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe di olè orin nìyẹn. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kú.

Orin Olúgbénró wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó kù lára ti Láolú. Nítorí náà ni Reuben ṣe ní kí Làsísì afọnfèrè máa fọn ohunkóhun tó bá wù ú, kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan fi Láolú rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta ìdánrawò, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó kí wọn, ó sì jókòó lórí àpótí òwú kan. Kò sẹ́ni tó bi í lórúkọ. Ta ni yóò wo ojú ẹni àádọ́rin ọdún kó ní kí lorúkọ yín? Màmá ni wọ́n ń pè é. Làsísì fọn fèrè rẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi òun.

“Ẹ má bínú o,” ló wí. “Láolú ò kọ irú ìyẹn rí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀kan nínú orin Láolú. Ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín, ṣùgbọ́n kò ṣìnà níbì kankan. Tinúadé, tó ń tẹ dùùrù fún wọn, sáré fi dò-rè-mí kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá wo ìwé náà, ó gba pẹ́ńsù, ó tún ibi méjì ṣe.

“Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára o, Mà,” ni Tinúadé wí.

“Kò sí fọ́tòkọ́pì nígbà tiwa. Ọwọ́ la fi ń da orin kọ fún àwọn akọrin.”

Tinúadé tẹ orin náà. Làsísì rọra gbé fèrè rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ta ni yóò mọ orin òkú délẹ̀ báyìí, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n jọ sùn tí wọ́n jọ jí? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí i bí opó Láolú. Bí wọ́n bá ti kí i, á gbé ojú sílẹ̀, wọ́n á sì ṣàánú rẹ̀.

Tinúadé sìn ín délé lọ́jọ́ kan. Yàrá kan ni, lẹ́bàá ojú irin ní Agége: àga kan, abọ́ kan, ife kan. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ṣínà, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún Kérésì nìkan ló sì ń kọ lẹ́tà. Bí Màmá ti ṣílẹ̀kùn, ó kí ara rẹ̀ káàbọ̀.

“Ṣé ẹ kì í bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ni, Mà?”

“Kí ni n ó bá wọn sọ?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Tinúadé dé ọkàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí eré wáyé, Màmá pe Reuben sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọmọ mi, bá mi tún ìparí eré yẹn ṣe. Mi ò fẹ́ kú kí wọ́n ṣì máa pe Láolú lólè.”

Reuben kì í ṣe èèyàn burúkú. “Mà, mo gbà yín gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ orin tí ẹ kọ fún wa àti orin ìkórè yẹn á mọ̀ pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí i padà, wọ́n á ní opó ló ń gbèjà ọkọ rẹ̀. Ẹ bá mi wá ẹlẹ́rìí kan, ẹyọ kan péré, tí kì í ṣe èèyàn Láolú.”

“Tó bá wá, wọ́n á gbà á gbọ́?”

“Lójú ẹsẹ̀, Mà.”

Màmá gba ilé rẹ̀ lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá lọ́jọ́ kẹta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èrò kún ilé ìkẹ́rùsí náà dé ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí Tinúadé tẹ orin Láolú, àwọn obìnrin nu ojú. Ṣùgbọ́n eré ní láti parí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Láolú kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìjọ, wọ́n bi í pé ìwé rẹ̀ dà, kò fèsì. Akọrin gbé orin ìkórè sókè lé e lórí, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo olè, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Màmá dìde. Ó ń di èjìká àwọn èèyàn mú bó ṣe ń bọ̀ níwájú. Reuben rí i, ó ní kí akọrin dákẹ́.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀,” ló wí fún àwọn èrò. “Ìyàwó Láolú fúnra wọn nìyí.”

Ojú ti àwọn èrò.

“Mi ò fẹ́ Láolú rí,” ni Màmá wí, “Olúgbénró lọkọ mi, èmi sì ni Láolú gbé ìwé orin ìkórè rẹ̀ fún pé kí n bá òun dà á kọ fún àwọn akọrin òun, mo sì gbé e fún ọkọ mi.”