Ta Ló Pa Ọba Tí Wọ́n Lé Kúrò Nílùú?

Tẹlifíṣọ̀n ò sinmi: ọba tí wọ́n lé kúrò nílùú ti kú!

Ẹnìkan ní májèlé ni, ẹlòmíì ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sẹ́nu ọba náà.

"Ọmọ mi, ọgbọ́n tí o dá fún mi yìí ti gbòdì o. Àwọn tó ń lépa mi ti padà lẹ́yìn mi lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ mi ń pín ilé mi. Mo pè wọ́n, wọ́n ní gbájúẹ̀ ni mí!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ la ẹnu, Kábíyèsí."

"Ìwọ lo fi òwú dí mi nímú, tí o ya mí ní fọ́tò. Jọ̀ọ́, lọ sọ fún wọn pé mo wà láàyè."

Nọ́ọ̀sì rọra nu ètè ọba.

"Ẹ rántí tíṣà tí ẹ tì mọ́lé, tí ẹ kéde pé ó ti kú? Ìyàwó rẹ̀ wọṣọ ọ̀fọ̀, òun náà sì ń gbọ́ orin ìsìnkú ara rẹ̀ látinú túbú."

Ọba di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ni tíṣà náà."

Ó mú fóònù ọba dání, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ohun téèyàn bá gbìn ni yóò ká. Ó dìgbóṣe, Kábíyèsí."