Orúkọ Dókítà Tí Kò Tíì Dé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

"Kí ló dé tí o fi fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí kò sí níbẹ̀?" Títí di òní, ìbéèrè yìí ni Ìbídùnní ń bi ara rẹ̀.

1.
Ìbídùnní ló ń bá ilé ìwòsàn kékeré kan ní Wuye, l'Ábújá, wá dókítà adelé. Lọ́dún Iléyá, onígbàgbọ́ a dúró fún mùsùlùmí. Lọ́dún Àjíǹde, mùsùlùmí a dúró fún onígbàgbọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà: dókítà tó ń lọ ò gbọdọ̀ kúrò títí adelé yóò fi fọwọ́ sí ìwé ìgbaṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko, adelé kankan ò já Ìbídùnní kulẹ̀. Ó wá ń yangàn: "Ẹni tí mo bá pè, wíwá ni yóò wá!"

2.
Ọ̀sán ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2016, Dókítà Ọlábímtán ti di ẹrù sọ́kọ̀, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kàbà. Dókítà Mukhtar tó yẹ kó gbaṣẹ́ ò tíì dé. Ìbídùnní pè é.

"Kai, Àǹtí Dùnní, mo ti dé Zuba, mi ò jìnnà mọ́! Ẹ bá mi fọwọ́ sí i jàre."

Dókítà Ọlábímtán yọjú. "Dùnní, ṣé ọkùnrin yìí ti dé? Àbí ó ti já ọ kulẹ̀ lónìí?"

Ìtìjú mú Ìbídùnní. Ó fọwọ́ sí ìwé lórúkọ Mukhtar. "Wọ́n ti dé, sà. Wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn lẹ́yìn."

Dókítà wo ìwé, ó wọkọ̀, ó lọ.

3.
Kò pẹ́ rárá, Sàlímọ́tù, aránṣọ àdúgbò, já wọlé. Yínúsà, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́ta, ló gbé mọ́ àyà. Ara ọmọ gbóná bí iná, gìrì ti mú un, ojú rẹ̀ ti yí sókè.

"Dókítà dà? Ẹ gbà mí o!"

"Ìyá Yínúsà, ẹ fọkàn balẹ̀. Dókítà ń bọ̀ báyìí."

Nọ́ọ̀sì fi omi nu ọmọ lára, ṣùgbọ́n kò lè gún un lábẹ́rẹ́ láìsí àṣẹ dókítà. Ìbídùnní pe Mukhtar, kò gbé e. Ó tún pè é, ó tún pè é. Ó pe Ọlábímtán, kò sí nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà. Odindi wákàtí kan ló fi ń sọ pé "ń bọ̀ báyìí."

Sàlímọ́tù di aṣọ Ìbídùnní mú. "Ọmọ mi ń kú lọ, Àǹtí! Ẹ sọ òótọ́ fún mi nítorí Ọlọ́run!"

Ìbídùnní bú sẹ́kún. "Kò sí dókítà."

Takisí ni wọ́n fi sáré gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

4.
Yínúsà yè. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò gbọ́ mọ́; wọ́n ní ìtọ́jú ló pẹ́ kó tó dé. Ìyá rẹ̀ a pè é láti ẹ̀yìn, a tún pè é, ọmọ ò ní yíjú. Àṣé kì í ṣe Zuba rárá, Abaji tó jìnnà ni Mukhtar wà, lẹ́nu iṣẹ́ adelé mìíràn. Wọ́n lé Ìbídùnní níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń gba oorun lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnìkan ò bá tíì dé, ẹ sọ pé kò tíì dé. Ìtìjú ọjọ́ kan ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ìbídùnní tó gbọ́ pé dókítà kan tí òun ò mọ̀ rí, Lydia, ọ̀rẹ́ Dókítà Ọlábímtán tó ti bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí Mukhtar ò bá wá, ti wọṣọ tán lọ́jọ́ náà ní òpópónà kejì, tó fẹ́ wá dúró. Ọlábímtán ló pè é látinú ọkọ̀ bó ṣe ń kúrò: "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Dùnní ní adelé ti dé."