Iná Pupa Ara Tẹlifóònù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ bó ṣe máa parí. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè.

1.
Adébùnmí kì í ṣe ìyá burúkú. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ẹnu ayé. Ní nǹkan bí ọdún 1996, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Washington, ó sì ń gbé ní Mitchellville ní ìpínlẹ̀ Maryland pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ànúolúwapọ̀, tó wà ní kíláàsì kẹrin. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ẹbí ọkọ ní opó ò lè dá ọmọ tọ́ ní Amẹ́ríkà kí ọmọ náà má bàjẹ́. Bùnmí ti búra pé ìṣojú òun ni wọ́n ti máa kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Àṣìṣe kan ló ṣe. Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, tíṣà kì í ránṣẹ́ pe òbí láti kí i. Bí tíṣà bá ti ránṣẹ́, ọmọ ti dáràn nìyẹn, bàbá á sì ti mú pàṣán dání kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Bùnmí gbé èrò yìí wọ bàálù, ó gbé e dé Maryland.

2.
Tíṣà Ànú, Mísì Bridget, ní ìwà kan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí sùkúù bá parí, ó máa ń pe àwọn òbí láti sọ ohun tí ọmọ wọn mọ̀ àti ibi tó ti ń há fún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bùnmí ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí i tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Mísì Bridget jáde: "Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa Ànú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí padà."

"Ànú! Kí lo ṣe ní sùkúù?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì."

"Tíṣà á kàn máa pè mí lásán? Kúnlẹ̀ níbẹ̀. Gbọ́wọ́ sókè!"

Ọmọ kúnlẹ̀ títí ìrẹsì fi jinná. Bùnmí ò pe tíṣà padà. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ òun sóun létí? Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Ànú tún kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà gbọ́n. Sùkúù máa ń parí ṣáájú ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́rùn rẹ̀. Tó bá ti wọlé, á pa ohùn tíṣà rẹ́, iná pupa á kú. Bí Bùnmí bá dé tí kò rí iná, á ní, "Olúwa, o ṣé o. Ọmọ mi ti ń ronú."

3.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ànú ní, "Mọ́mì, bọ́ọ̀dù ò hàn sí mi dáadáa. Ojú mi kan ń ṣú."

Bùnmí wò ó láti òkè délẹ̀. "Torí pé Zoe ọ̀rẹ́ ẹ ń lo gíláàsì, ìwọ náà fẹ́ lo gíláàsì, àbí? Tẹlifísàn kì í ṣú ẹ lójú!"

Ànú ò sọ ọ́ mọ́.

4.
Lẹ́yìn Àjíǹde, láàárọ̀ Sátidé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mísì Bridget fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú pé mo wá ká yín mọ́lé. Mo ti ń pè yín kí òtútù tó dé. Mo tiẹ̀ kọ ìwé rán Ànú. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Ànú yọ láti yàrá. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ó rí tíṣà, ó kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.

Mísì Bridget wo ọmọ, ó wo ìyá. "Kí ló dé tó ń kúnlẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan! Ọmọ dáadáa ni. Ohun tó bá fetí gbọ́, ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo bá kọ sí bọ́ọ̀dù ni kì í rí. Ẹ gbé e lọ wo ojú. Ohun tí mo ń pè yín fún nìyẹn."

"Ẹ̀rọ mi ò gba ohùn yín kankan," Bùnmí dáhùn.

"Èmi ni mo máa ń pa á rẹ́, Mọ́mì," Ànú wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Mo fi ìwé yẹn náà pa mọ́. Kẹ́ ẹ má baà bínú."

5.
Dókítà ní àìsàn kan ti ba iṣan ojú ọ̀tún jẹ́. Wọ́n lè gba tòsì là. Tọ̀tún ti lọ. "Ká ní ẹ mú un wá nígbà tó kọ́kọ́ ń ṣú ni."

Bùnmí ní, "Ẹ ṣé, dókítà." Kò sunkún. Ó wa mọ́tò délé, ó gbé ìrẹsì kaná, ìrẹsì jóná, ó bù ú síwájú ọmọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó máa rọ́jú, ó ní ẹ ṣé. Inú rẹ̀ ti kú pátápátá. Kò mọ ìbànújẹ́, kò mọ ayọ̀.

Mísì Bridget ò jáwọ́ nínú pípè. Bùnmí ti ń tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ báyìí, kó lè gbé tẹlifóònù fúnra rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn kí sùkúù tó wọ họlidé, tíṣà ní, "Ànú kàwé sókè lónìí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un."

Bùnmí gbé e sílẹ̀, ó yíjú padà kó lè sọ fún ọmọ. Ànú ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì lójú, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ó ń dúró de ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí tíṣà bá pè, ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ kí ẹ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí ọmọ bá ní nǹkan ń ṣe òun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín bẹ̀rù yín débi pé á máa bá yín pa ohun tó lè gbà á là rẹ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bùnmí ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan kó tó dá a.